Àpò Àlùbọ́sà Tí Mo Ní Kí Ẹ Dá Dúró

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú eruku Sábó ní Kánò, ẹ kú ooru, ẹ kú àìsíná mọ̀nàmọ́ná. Mo kúnlẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí ju ìkúnlẹ̀ lásán lọ. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Káyọ̀dé àbúrò mi, mo kí ọ o. Bí Bàbá bá ní kí o bá àwọn kà á nítorí ojú wọn, má fi ẹ̀rín dá a dúró. Kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ lè máa wò ó pé kí ló dé tí ọmọ yín fi ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn, níbi tí tẹrú tọmọ ti lè kà á. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á? Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí lẹ ò ti gbé fóònù mi mọ́. Bí mo bá pè, Ìyá mi ni yóò gbé e, wọn á ní ẹ wà ní balùwẹ̀. Bàbá mi, èèyàn wo ló ń wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Kánò, níbi tí a ti ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke? Ni mo bá rántí pé bó ti wù kí inú bí yín tó, ẹ kì í ṣaláì ra ìwé ìròyìn Yorùbá lẹ́nu gáréèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sì máa ń kà á láti òkè dé ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Mo ní ibẹ̀ ni n óò ti dènà dè yín.

Ọ̀rọ̀ àpò àlùbọ́sà ni. Àpò àlùbọ́sà tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí Bàbá Iléṣà lọ́dọọdún, tí mo ní kí ẹ dá dúró. Mo fẹ́ kí ẹ fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló tún dé, ẹni tó ní ká má ṣe é náà ló tún ní ká ṣe é. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Kílódé nígbà tí mo wà ní kékeré, torí pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀kan lónìí.

Iṣẹ́ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí mo ríṣẹ́ sí Òṣogbo, inú yín dùn ju tèmi lọ. Ẹ ní ọmọ òṣómàáló ń padà sílé. Bàbá yín ló gbé aṣọ láti Iléṣà lọ sílẹ̀ Haúsá, wọ́n ń tà á láwìn kiri títí wọ́n fi jókòó sí Kánò. Ibẹ̀ ni wọ́n bí yín sí, ibẹ̀ náà lẹ bí wa sí. Bàbá Iléṣà, ẹ̀gbọ́n yín, nìkan ló padà sílé lọ máa tọ́jú ilé tí bàbá yín kọ́. Èmi wá ń padà bọ̀ sílé tí n kò dé rí. Àlejò pátápátá ni mo jẹ́ o! Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé Òṣogbo, ọlọ́kadà kan sọ iye tó máa gbà fún mi, mo ní "tò" dípò "ó dáa", bí a ṣe máa ń sọ ọ́ ní Sábó, ló bá bojú wẹ̀yìn wò mí bíi pé mo bú u. Àwọn ará ilé tí mo yá yàrá sí ń pè mí ní Màmá Haúsá. Mo ní mi ò tíì lọ́kọ, wọ́n ní Màmá Haúsá náà ni.

Òjò ibí yìí kò jọ ti Kánò. Ti Kánò máa ń kọ́kọ́ fi eruku ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, kéèyàn lè káṣọ. Ti Òṣogbo kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó máa ń bá mi lẹ́nu ọ̀nà ni, pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá. Aṣọ kì í gbẹ bọ̀rọ̀, bàtà tí ẹ rà fún mi ti hu ewú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ìrọ̀lẹ́ tí òjò bá ti ká gbogbo èèyàn mọ́ yàrá, tí mo sì ń gbọ́ tí àwọn ará yàrá kejì ń bá ọmọ wọn jà lórí iṣẹ́ ilé ìwé, ó máa ń ṣe mí bíi kí n lọ kanlẹ̀kùn kí wọ́n bá mi jà díẹ̀. Mo ti jó ìrẹsì láìmọye ìgbà, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyá mi, ohùn yín ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù nígbà tí ìrẹsì bá ń jó.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi, irọ́ kọ́. Alhaja tó ni ilé iṣẹ́ wa ń ra kòkó àti obì lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń kó o lọ síta. Èrè tí wọ́n bá rí, wọn kì í kó o jókòó. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, wọ́n ní ilẹ̀ lọ́nà Àbẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wá ibi kọ́lé sí, wọ́n ní ṣíà, ìyẹn ìpín, ní báǹkì, wọ́n sì ní oko kòkó ńlá kan ní abúlé kan nítòsí Ìwàràjà, lọ́nà tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n fi owó sí wọ̀nyí ni à ń pè ní ìdókòwò. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa tọpa wọn lórí kọ̀ǹpútà, kí Alhaja lè mọ èyí tó ń sanra àti èyí tó ń rù.

Ẹ̀rọ ìṣirò tí à ń lò fún un, ẹ̀yin náà ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Ìdókòwò kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, bíi káàdì tí wọ́n ń kọ fún aláìsàn ní ọsibítù. Iye tí a rà á wà níbẹ̀, iye tó tó lónìí wà níbẹ̀, ohun tó mú wọlé àti ohun tó jẹ. Bó bá ń mérè wá, ojú ewé yóò máa tàn ní àwọ̀ ewé. Bí ohun kan bá ń jẹun tí kò mú nǹkan wá, yóò pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Àwọn oṣù tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò lè gbójú kúrò níbẹ̀. Ṣíà yẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kò dúró lójú kan! Mo bi Alhaja pé ṣé ṣíà kì í sùn ni. Mo bi wọ́n pé igi kòkó tí kò tíì so, ṣé èrè ni ká kà á sí àbí ìnáwó. Mo bi wọ́n pé ta ló ń sọ iye tí igi tó, nígbà tí igi kò lọ sọ́jà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí mi ò bá di olówó, ọlọ́pàá ni n óò dà.

Ibi tí ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójú ewé oko kòkó, mo rí ìlà kan tó ń pọ́n lọ́dọọdún. Ẹ̀bùn Ìwàràjà ni wọ́n pè é. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa, obì, iṣu, owó díẹ̀ lórí rẹ̀. Kò sí rìsíìtì. Mo béèrè pé ta là ń fún, wọ́n ní àwọn ará abúlé ni. Mo béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe fún wa, kò sẹ́ni tó mọ̀. Alhaja tó mọ̀ ti lọ sí Mẹ́kà nígbà yẹn, Bọ̀dá Kábírù ọmọ wọn ló dúró fún wọn. Mo sọ fún Bọ̀dá Kábírù pé ohun tí kò mú nǹkan wá, kí la fẹ́ fi ṣe? Wọ́n wò ó sọ́tùn-ún, wọ́n wò ó sósì, wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ. A pa ìlà náà rẹ́. Kíá ni ojú ewé oko náà tàn ní àwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀. Bọ̀dá Kábírù ra mínírà tútù fún mi, wọ́n ní irú àwa yìí ni ilé iṣẹ́ ń wá.

Inú mi dùn débi pé mo wá ohun mìíràn tí n óò pa rẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pè yín, tí mo ní látìgbà tí ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù yín pa, ó yẹ ká máa ṣọ́ owó ná. Mo ní àpò àlùbọ́sà tí ẹ ń dì ránṣẹ́ sí Iléṣà lọ́dọọdún yìí, kí ló ń mú wá? Mo ní Bàbá Iléṣà kì í fi nǹkan kan ránṣẹ́ padà, a kì í sì í rí wọn. Ẹ wá ní ó dáa, akáwǹtáǹtì ti sọ̀rọ̀. Bàbá mi, ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé ẹ ń yìn mí ni!

Ó di ìgbà ọ̀wẹ́wẹ̀ tí kòkó pọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ oko gbéra láti lọ ká a, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Wọ́n ní àwọn bá màrìwò tí wọ́n ta dí ẹnu ọ̀nà oko, láti ara igi kan dé ara ìkejì. Èmi ní kí wọ́n gé e sọnù, ṣebí imọ̀ ọ̀pẹ lásán ni. Wọ́n wò mí bíi pé mo ní kí wọ́n lọ gún ejò lójú. Kò sẹ́ni tó máa fẹsẹ̀ kọjá màrìwò tí onílẹ̀ bá ta sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ta ni. Òjò àrọ̀kúrò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́ lé kòkó tó ti pọ́n lórí igi, bí òjò bá sì pọ̀ lórí kòkó, dúdú ló máa ń dà, tí á jẹrà. Oko yẹn ló tóbi jù nínú gbogbo ìdókòwò wa. Bó bá lọ, ilé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nìyẹn.

Alhaja, tó ti dé láti Mẹ́kà, pè mí. Ǹ bá tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n pariwo mọ́ mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní kí n ṣí ojú ewé oko náà, kí n ka ohun tí a ní fún àwọn. Mo kà á pé ilẹ̀ àti igi. Wọ́n ní ta ló ni ilẹ̀? Mo ní ilé iṣẹ́ ni. Alhaja bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rín náà kò dé inú. Wọ́n ní igi nìkan ló jẹ́ tiwa. Bàbá tó bí àwọn ló tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan ní abúlé yẹn, wọ́n fún un, ó gbin kòkó sórí rẹ̀. Lọ́dọọdún, kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ, láti fi sọ fún onílẹ̀ pé igi tèmi ṣì wà lórí ilẹ̀ tiyín. Ọdún tí ẹni tó ni igi kò bá gbé e lọ, ó ti sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun ló ni ilẹ̀. Wọ́n ní ohun tí mo pa rẹ́ pẹ̀lú ìka kan nìyẹn.

Bàbá mi, àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè kì í ṣìnà. Mo béèrè lóòótọ́. Ẹ̀rọ ni mo bi.

Lọ́jọ́ kejì ni Alhaja mú mi lẹ́yìn lọ sí abúlé náà. Wọ́n lè fi mí sílẹ̀ kí wọ́n sì lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó da omi náà ni yóò nù ún. A kó epo, a kó obì, a kó iṣu. A gba Iléṣà kọjá, mo na ọrùn wò ó láti ojú fèrèsé mọ́tò bí olè. Ẹ ti máa ń sọ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fà mí lọ́wọ́ wọ ilé yẹn, pé ọmọ kì í yọ́ wọlé baba rẹ̀. Nítorí náà, bí Iléṣà ti súnmọ́ Òṣogbo tó, n kò yà níbẹ̀ rí. N kò tilẹ̀ mọ orúkọ agboolé wa.

Obìnrin àgbàlagbà kan ni olórí ẹbí tó ni ilẹ̀. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó obì, wọn ò sì gbójú sókè. A kúnlẹ̀ sílẹ̀, èmi àti Alhaja pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí wọn, lórí sìmẹ́ńtì. Nígbà tí ìyá náà máa sọ̀rọ̀, wọ́n bi wá pé ta ló wá sọ fún wa ní Òṣogbo pé àwọn ti kú. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ. Ilé, ulé ni wọ́n ń pè é, iyán, uyán. Alhaja ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi, ara mi bù màmà. Ohùn yín ni, Bàbá mi! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń bínú, tí ẹ bá gbàgbé pé ọmọ Kánò ni wá. Mi ò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá náà rí mi, wọ́n ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ tó le yìí.

Mo sọ òótọ́. Mo ní èmi ni mo pa ìṣákọ́lẹ̀ rẹ́, kì í ṣe Alhaja, pé mo wò ó lórí ẹ̀rọ mo sì rò pé epo àti iṣu tí a ń fi ṣòfò ni. Wọ́n ní kí n wo igun ilé. Kẹ́ẹ̀gì epo ọdún tó kọjá wà níbẹ̀, ìdérí rẹ̀ kò tíì tú. Wọ́n ní ṣé mo rí i pé ebi epo kò pa àwọn? Bí epo bá ti dé, àwọn máa ń pe gbogbo ọmọ àti ọmọ ọmọ jọ, àwọn á fi hàn wọ́n, àwọn á ní àwọn tó ni igi nìyí, wọ́n tún ti wá kí wa, wọ́n mọ̀ wá. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Lọ́dún yìí, àwọn ọmọ béèrè, àwọn ò sì rí ohun tí àwọn fi hàn wọ́n. Wọ́n wá yíjú sí Alhaja, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, kí wọ́n má bá mi jà jù. Alhaja dáhùn pé àṣẹ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí, torí ojú mi jọ ojú ará ilé. Mo ní ọmọ Iléṣà ni mí, ṣùgbọ́n Kánò ni wọ́n bí mi sí. Wọ́n ní agboolé wo? Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ibẹ̀ ni Bàbá mi ń fi àlùbọ́sà ránṣẹ́ sí lọ́dọọdún. Ìyá náà dá ọwọ́ dúró lórí obì. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣé ti ọdún yìí ti lọ?

Bàbá mi, orí sìmẹ́ńtì ni mo gbé ojú sí.

Wọ́n ti rí ìdáhùn lójú mi, wọn ò sì béèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n rán èèyàn kó lọ tú màrìwò. Wọ́n gba obì wa, wọ́n là á, wọ́n fún wa jẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èmi ni n óò máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún, lọ́wọ́ ara mi, àti pé kí n tó tún dé ọ̀dọ̀ àwọn, kí n kọ́kọ́ lọ kí ilé baba tèmi.

Bí a ti ń padà bọ̀, mo bẹ Alhaja kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀ ní gáréèjì Iléṣà. Wọ́n ní àwọn ò ní bá mi wọlé o, onílé ló ń mọ ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Mo lọ bá àwọn alágbàrù níbi tí ọkọ̀ Kánò ti ń já ẹrù. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa ń wá gba àlùbọ́sà? N kò tíì sọ tán tí wọ́n fi pariwo pé Bàbá Alálùbọ́sà! Wọ́n ní láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni bàbá náà ti ń tẹ ọ̀pá wá ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ Kánò bá dé. Wọ́n máa ń wo inú bùùtù. Wọ́n máa ń bi dírẹ́bà pé ṣé kò sí iṣẹ́ tí wọ́n rán sí àwọn. Bí kò bá sí, wọ́n á kí gbogbo èèyàn, wọ́n á yí padà. Alágbàrù kan ní àwọn ti ń sá fún wọn, torí àánú wọn ń ṣe àwọn.

Òun ló mú mi dé ilé náà, ẹkún ò jẹ́ kí n rí ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n yín ti rù, Bàbá mi. Imú yín ni wọ́n ní, etí yín ni wọ́n ní. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ yín. Wọn ò tilẹ̀ bi mí pé kí ni mò ń jẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú mi mú, wọ́n ní ṣé ó wà láyé? Mo ní ẹ wà láyé, ẹ wà láàyè, ara yín le, inú ló kàn ń bí yín sí mi. Wọ́n jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ní yàrá nínú ilé yẹn? Wọ́n tì í ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n ń gbá a. Nígbà tí àlùbọ́sà kò dé, ẹbí ṣèpàdé. Àwọn kan ní ẹ ti kú, pé àwa ọmọ la fi òkú yín pamọ́. Wọ́n fẹ́ fi yàrá náà fún ọmọ ẹbí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Bàbá Iléṣà ló kọ̀. Wọ́n ní títí ọdún yóò fi parí, àwọn ò ní fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ àlùbọ́sà yín sí kí wọ́n tó pín in kárí àdúgbò, ara ògiri ń run àlùbọ́sà, ó ń run ilé wa ní Sábó. Mo bú sẹ́kún lákọ̀tun. Bàbá Iléṣà ní àlùbọ́sà Kánò mà lágbára o, kò tíì dé, ó ti ń pa èèyàn lẹ́kún. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá béèrè pé kí ló dá a dúró. Bàbá mi, mo ti jẹ́wọ́ fún ìyá onílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n níwájú ẹ̀gbọ́n yín, ẹnu mi wúwo. Mo wo ọ̀pá tó dúró ti ògiri, mo rántí gáréèjì yẹn. Mo ní àpò náà ti wà lójú ọ̀nà.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ya igi sọ́tọ̀, mo ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, mo kọ orúkọ ẹbí tó ni ilẹ̀ síbẹ̀. Mo dá ìlà ìṣákọ́lẹ̀ padà. Ẹ̀rọ bi mí pé kí ló ń mú wá. Mo bi Alhaja, wọ́n ní kí n kọ gbogbo oko síbẹ̀. Mo kọ ọ́, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, ó ní nọ́ḿbà lòun ń fẹ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń pọ́n, Alhaja sì ní kó máa pọ́n lọ.

Mo mọ̀ pé àlùbọ́sà ti wọ́n lákòókò yìí, ó sì ti ju apá yín lọ. Owó oṣù mi kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo ti fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìyá mi, kí Káyọ̀dé lọ mú èyí tó gbẹ dáadáa, kó má mú èyí tó ti ń hù. Ẹ bá mi fọwọ́ ara yín rán ẹnu àpò náà, torí Bàbá Iléṣà ní àwọn mọ ojú abẹ́rẹ́ yín. Èmi ni n óò dúró dè é ní gáréèjì, kí bàbá yẹn má tún tẹ ọ̀pá wá mọ́. Èmi ni n óò gbé e dé ilé.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, Bàbá mi, ẹ ó fẹsẹ̀ ara yín wọ yàrá yín. Ìyá mi, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Káyọ̀dé, wàá ṣorí ire. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn alábàágbé wa ní Sábó, àtonígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n kí yín, wọ́n ní àwọn ń wo ọ̀nà.

Mo ti sọ fún wọn pé ó ti wà lójú ọ̀nà, Bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí di òpùrọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀, Kílódé yín